Ta ni Ó Ń Ka Ẹja Òkun? Àjùmọ̀ṣe Ìwádìí àti Ọ̀rọ̀ Ọ̀sìn Túnà ní Ìyawọ̀ Òkun Guinea

Ìfáárà

Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Louis. Orúkọ ọba Mpongwe kan, Anguilé Dowé, tí àwọn Faransé ń pè ní Roi Louis, ni àdúgbò náà ń jẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1842, ọba yìí tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Bouët-Willaumez, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Faransé, ó sì yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn ní bèbè ọ̀tún ẹnu odò Gabon. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn Faransé kọ́ odi Fort d'Aumale síbẹ̀. Ní 1849 ni wọ́n dá Libreville sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rú Elizia. Bí ìwé tí ọba kan tọwọ́ bọ̀ ní etí omi ṣe di ìpìlẹ̀ ìlú ńlá nìyẹn.

Ilẹ̀ ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé fi òpó pààlà sí. Ẹja túnà kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í jókòó sójú kan. Ó lè kúrò nínú omi Gabon kí ó dé ti São Tomé, ti Ghana tàbí ti Senegal, àwọn mìíràn a sì máa la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Nítorí náà, kò sí orílẹ̀-èdè kan tó lè dá mọ iye tó wà, bí ó ṣe ń dàgbà, tàbí iye tó yẹ kí àwọn apẹja pa lọ́dún. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn ìwádìí túnà ní Ìyawọ̀ Òkun Guinea jẹ́ ìtàn àjùmọ̀ṣe, ṣùgbọ́n àjùmọ̀ṣe tí orí rẹ̀ ti máa ń wà níbòmíràn ni. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀sìn túnà bá sì dé etíkun yìí lọ́jọ́ kan, bí ìmọ̀ bá ṣe pín láàrin àwọn tó ni omi àti àwọn tó ni ọkọ̀ ni yóò pinnu ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀ àti ẹni tí yóò ru gbèsè rẹ̀.

Ẹja mẹ́ta nínú omi kan

Oríṣi túnà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù nínú òwò omi yìí. Èkínní ni onílẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè, tí àwọn Faransé ń pè ní albacore. Ó lè gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Èkejì ni olójú-ńlá, tí wọ́n ń pè ní patudo, tó máa ń rì lọ sínú ibú lọ́sàn-án. Ẹ̀kẹta ni abilà-níkùn, listao, tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣùgbọ́n tí àwọn ọkọ̀ ń kó jù lọ.

Omi Gabon kì í ṣe ojú ọ̀nà lásán fún àwọn ẹja wọ̀nyí. Láàrin oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹrin ni túnà onílẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè máa ń yé jù ní agbègbè ìlà agbedeméjì ayé nínú Ìyawọ̀ Òkun Guinea. Láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi tútù bá ń ru láti ìsàlẹ̀ wá sókè, oúnjẹ a pọ̀ nínú òkun, túnà a sì kó jọ sí itòsí Cap Lopez, lẹ́bàá Port-Gentil. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá náà a tẹ̀ lé e débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa túnà Àtìláńtíìkì, dandan ni kí ó wo inú omi yìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àjùmọ̀ṣe: 1963 sí 1969

Ní àwọn ọdún 1950, àwọn apẹja láti Bretagne àti ilẹ̀ Basque ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa túnà ní Dakar. Kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ Japan náà fi dé Àtìláńtíìkì pẹ̀lú okùn gígùn tí a so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́. Òwò náà ti ń lọ ní pẹrẹu kí ìmọ̀ tó bá a. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ẹja tí wọ́n ń pa ní Dakar àti èyí tí wọ́n ń pa ní Pointe-Noire jẹ́ ọ̀wọ́ kan náà tàbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Láàrin 1963 sí 1964 ni ìgbìyànjú ńlá àkọ́kọ́ wáyé. Àjọ ìmọ̀ òkun tó wà lábẹ́ UNESCO kó àwọn orílẹ̀-èdè jọ láti yẹ agbègbè olóoru Àtìláńtíìkì wò lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ tí wọ́n fún ìrìn àjò náà ni Equalant. Àwọn ọkọ̀ ìwádìí láti Amẹ́ríkà, Soviet àti Brazil wà níbẹ̀. Nigeria, Côte d'Ivoire àti Congo náà fi ọkọ̀ sí i. Ọkọ̀ Ombango, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ORSTOM ń lò ní Pointe-Noire, wà lára wọn. Wọ́n wọn bí omi ṣe gbóná sí àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ gbọ́n àwọn ọmọ túnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Ibi tí wọ́n ti rí àwọn ọmọ ẹja wọ̀nyẹn ni ó fi hàn wọ́n ibi tí túnà ń yé sí.

Ní àkókò kan náà, ìwádìí mìíràn ń lọ lórí àwọn ẹja ìsàlẹ̀ òkun láti Senegal dé Congo. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Èkó, ni ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1968. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀rí pé Áfíríkà gan-an ti ní ilé tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa gbé.

Ní oṣù kẹwàá 1966, àwọn onímọ̀ pàdé ní Abidjan láti jíròrò ohun tí ìrìn àjò Equalant mú bọ̀. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni àwọn ìjọba ti tọwọ́ bọ àdéhùn ní Rio de Janeiro láti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú túnà Àtìláńtíìkì. ICCAT ni wọ́n ń pe àjọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, Madrid sì ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé Abidjan ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìmọ̀, ṣùgbọ́n Madrid ni ìwé ìmọ̀ náà ń gbé láti ìgbà yẹn.

Gabon wọ ẹgbẹ́, Libreville di ibùjókòó

Ghana wọ ICCAT ní 1968, Côte d'Ivoire ní 1972, Gabon ní 1977. Nigeria, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti bá wọn ṣe Equalant, kò wọlé títí di 2007. Láàrin 1979 sí 1982, àjọ náà ṣètò iṣẹ́ ìwádìí kan lórí túnà abilà-níkùn nìkan, tí ọdún 1981 sì jẹ́ ọdún tí iṣẹ́ náà gbóná jù. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é yẹ ní àfiyèsí. Dípò kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀ nígbà tó wù ú, gbogbo wọn fi ẹnu kò sí ìbéèrè kan, àkókò kan, àti ọ̀nà kan tí wọn yóò fi wọn nǹkan. Èyí ni ìtumọ̀ àjùmọ̀ṣe ìwádìí ní òtítọ́. Bí olùwádìí kan bá fi mítà wọn ẹja láti ẹnu dé ìrù, tí ẹlòmíràn sì fi tirẹ̀ wọ̀n láti ẹnu dé ibi tí ìrù ti là sí méjì, ìṣirò àwọn méjèèjì kò lè wọ inú ìwé kan.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1984, àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn Áfíríkà tó wà létí òkun tọwọ́ bọ àdéhùn ní Libreville, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ ẹja agbègbè sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní COREP. Libreville ni ibùjókòó rẹ̀. Ète rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa fi ohùn ṣọ̀kan lórí òfin ìpẹja, kí wọ́n sì jọ máa ṣe ìwádìí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣófo, bí a tilẹ̀ gbá a jọ, kò ní dún púpọ̀: ìwádìí òkun ń fẹ́ ọkọ̀, epo àti ilé àyẹ̀wò, àwọn ọkọ̀ tó ń pa túnà jù nínú omi náà sì jẹ́ ti Faransé àti Spain, àwọn onímọ̀ ìjọba méjèèjì yìí ni wọ́n sì ń ka ẹrù wọn.

Ohun tó ń sọnù nínú ìṣirò

Kíkà túnà dà bí iṣẹ́ tó rọrùn. Ọ̀gá ọkọ̀ a kọ iye tó pa àti ibi tó ti pa á sínú ìwé ọkọ̀. Ní èbúté, àwọn olùwádìí a mú díẹ̀ nínú ẹrù, wọn a wo oríṣi rẹ̀, wọn a wọn gígùn rẹ̀, wọn a sì fi ìyẹn ṣírò gbogbo ẹrù.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé ọmọ túnà olójú-ńlá àti ọmọ onílẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè jọ ara wọn bí ìbejì. Àwọn méjèèjì a sì máa bá abilà-níkùn rìn lábẹ́ igi tàbí ohun mìíràn tó bá léfòó. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ rí i kedere pé ọ̀pọ̀ ọmọ olójú-ńlá ni wọ́n ti ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oríṣi mìíràn, wọ́n sì ní láti tún ìṣirò tẹ́lẹ̀ ṣe. Láti nǹkan bí ọdún 1990, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn ju ohun tó ń léfòó sínú òkun, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tó wà fún wọn. Ìpa àwọn ọmọ ẹja pọ̀ sí i, kíkà wọn sì túbọ̀ le.

Ọ̀ràn kejì wà ní èbúté Abidjan. Àwọn ọmọ túnà tó kéré jù fún agolo, àti àwọn ẹja mìíràn tó bá wọn wọ àwọ̀n, kì í lọ sí ilé-iṣẹ́ alágolo. Ọjà ìlú ni wọ́n ń lọ, orúkọ wọn lẹ́nu àwọn oníṣòwò sì ni faux poisson, ìyẹn ẹja ayédèrú. Ẹja gidi ni, àwọn aráàlú ń yan án, wọ́n ń dín in, wọ́n ń fi í jẹ áṣíkẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò wọ inú ìwé bó ṣe yẹ. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n: ohun tí ẹni tó ń kọ̀wé bá pè ní ayédèrú, yóò rọrùn fún un láti má kà á.

Àmì lára ẹja

Ìgbìyànjú tó tóbi jù láti dí irú ihò bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ICCAT bẹ̀rẹ̀ ní 2015 pẹ̀lú owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó sì parí ní nǹkan bí ọdún 2021. Orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú ni AOTTP. Ẹja tó lé ní 100,000 ni wọ́n mú láàyè, tí wọ́n gún àmì oníkẹ̀ẹ́sì tó ní nọ́ńbà sí lẹ́yìn, tí wọ́n sì dá padà sínú òkun. Wọ́n gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ oògùn tó ń fi àwọ̀ sí inú òkúta kékeré etí ẹja. Òkúta yìí ń ní òrùka bí igi ṣe ń ní, nítorí náà, bí wọ́n bá tún rí ẹja náà, wọ́n lè ka òrùka tó ti hù lẹ́yìn àmì oògùn náà, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá òrùka kan jẹ́ ọdún kan lóòótọ́.

Àmì kò níláárí bí kò bá sí ẹni tí yóò dá a padà. Níbi yìí ni iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Apẹja tó bá rí àmì, alágbàrù èbúté, obìnrin tó ń gé ẹja nílé-iṣẹ́ alágolo ní Abidjan, Dakar tàbí Tema, gbogbo wọn ni wọ́n di olùwádìí. Ẹni tó bá mú àmì wá, tó sì sọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n pa ẹja náà, a gba ẹ̀bùn. Láìsí ìkéde ní èbúté, àmì ìbá wọ inú iná àdògán lọ ni.

Èrè irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò kéré. Àyẹ̀wò òkúta etí ti fi hàn pé túnà onílẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè ti Àtìláńtíìkì lè lo ọdún 18 láyé, èyí tó ju bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ìmọ̀ báyìí ni ó ń yí ìṣirò iye tó yẹ ní pípa padà. ICCAT ti fi 110,000 tọ́ọ̀nù ṣe òdiwọ̀n ọdọọdún fún oríṣi yìí láti 2012, àwọn apẹja sì ti kọjá rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ti olójú-ńlá, àyẹ̀wò ọdún 2015 fi hàn pé wọ́n ti pa á ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń sin túnà

Bí ẹja inú òkun ṣe ń dín kù ni ọ̀rọ̀ ọ̀sìn ń gbilẹ̀. Àwọn ìlú tó ti gbìyànjú rẹ̀ fi hàn pé orí ìwádìí àjọṣe ni ó dúró lé.

Ní Port Lincoln, gúúsù Australia, ọ̀sìn túnà bẹ̀rẹ̀ ní 1991 lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ìpín àwọn apẹja kù. Wọn kì í tọ́jú ẹyin níbẹ̀. Inú òkun ni wọ́n ti ń mú túnà onílẹbẹ aláwọ̀ aró láàyè, wọn a rọra fà á nínú ọgbà àwọ̀n wá sí itòsí ilẹ̀, wọn a sì bọ́ ọ títí yóò fi sanra. Ní oṣù kẹrin 1996, ìjì jà, ẹrẹ̀ ru sókè, ó sì lé ní ìdajì ẹja inú àwọn ọgbà náà tó kú. Lẹ́yìn àjálù yìí, wọ́n sún ọgbà àwọ̀n sí ibi tí omi ti jìn, wọ́n sì rí i pé kí olóko kọ̀ọ̀kan máa dá wá ìwòsàn ẹja tirẹ̀ kò lè pẹ́ tí yóò fi pa wọ́n run. Láàrin 2001 sí 2008, àjọ Aquafin CRC kó ìjọba, àwọn yunifásítì àti àwọn olóko jọ láti ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ, àìsàn àti ìmọ́tótó omi lábẹ́ ètò kan.

Ní Japan, Yunifásítì Kindai bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1970. Ọdún 2002 ni ó tó ṣe é ṣe fún wọn pé kí túnà tí wọ́n pa láti inú ẹyin nílé dàgbà, kí òun náà sì yé ẹyin. Ọdún 32 gbáko nìyẹn. Ní Panama, ilé ìwádìí Achotines ti ní túnà onílẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè tó ń yé ẹyin nínú ọpọ́n láti 1996. Oríṣi kan náà ni èyí pẹ̀lú ti Cap Lopez, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ Gabon jù wà.

Ṣùgbọ́n òkun Mẹditaréníà ni ìkìlọ̀ wà. Láti àárín àwọn ọdún 1990, àwọn ọgbà àwọ̀n pọ̀ síbẹ̀. Nítorí pé láti inú àwọ̀n ni ẹja ti ń kọjá sínú ọgbà lábẹ́ omi, láìkan ilẹ̀, kò sí ẹni tó mọ iye rẹ̀ dájú. Ní 2007, òdiwọ̀n tí ICCAT fi lélẹ̀ jẹ́ 29,500 tọ́ọ̀nù. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé ohun tí wọ́n pa tó 61,000. Ní 2010, wọ́n tilẹ̀ dábàá ní Doha pé kí wọ́n fòfin de títà ẹja náà láàrin orílẹ̀-èdè, àbá náà kò sì wọlé. Ìgbà tí wọ́n gé òdiwọ̀n kù gidigidi, tí wọ́n sì ń fi kámẹ́rà abẹ́ omi ka ẹja tó ń wọ ọgbà, ni ẹja náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà pọ̀. Ọ̀sìn tí kò ní ìṣirò kò yàtọ̀ sí ìpẹja tí a fi ògiri bò.

Ọ̀ràn oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Kí túnà inú ọgbà tó fi kílò kan sanra, ẹja wẹ́wẹ́ tí yóò jẹ lè ju kílò 10 lọ. Ní etíkun Áfíríkà, ẹja wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, sàdíìnì àti ṣàwá, ni ẹran àwọn mẹ̀kúnnù.

Gabon láàrin ìtọ́jú àti òwò

Ní Gabon, òwò túnà ṣì jẹ́ ti ìpẹja, kì í ṣe ti ọ̀sìn. Ìjọba ibẹ̀ ti ń gbìyànjú láti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ọkọ̀ àjọ Sea Shepherd rìn láti yẹ àwọn ọkọ̀ túnà wò lójú òkun. Ní 2017, ó ya ọgbà òkun 9 àti ibi ìpamọ́ omi 11 sọ́tọ̀, èyí tó kó nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀.

Àdéhùn pẹ̀lú Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi bí ìṣirò ṣe ń di owó hàn. Ìwé àdéhùn ọdún 2013 dá lórí 20,000 tọ́ọ̀nù túnà lọ́dún; ti 2021, tí wọ́n ṣe fún ọdún 5, dá lórí 32,000, pẹ̀lú mílíọ̀nù 2.6 owó Yúrò lọ́dọọdún láti ọwọ́ Ìṣọ̀kan náà. Àwọn tó ni ọkọ̀ náà tún ń san owó lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù tí a kò kà jẹ́ tọ́ọ̀nù tí a kò san owó rẹ̀.

Lẹ́bàá àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí ni àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Libreville jẹ́ ọmọ Benin, Togo, Ghana àti Nigeria. Ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pa jù, òun náà sì ni yóò di oúnjẹ túnà bí ọgbà àwọ̀n bá dé. Ìwádìí ọ̀sìn túnà tí kò bá ka ohun tí àwọn wọ̀nyí ń pa, kò tíì ka ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ìgúnlẹ̀

Láti Equalant dé AOTTP, ó lé ní àádọ́ta ọdún tí Ìyawọ̀ Òkun Guinea ti ń fi omi, ẹja àti iṣẹ́ ọwọ́ sí ìwádìí àjọṣe. Ohun tí kò tíì ní tó ni ìwé ìṣirò tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. COREP wà ní Libreville, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Gabon, CENAREST, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ Abidjan sì ti ní ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún nípa kíka ẹja ní èbúté. Bí àwọn wọ̀nyí bá ń wọn ẹja ní ọ̀nà kan náà, tí wọ́n sì ń pín àbájáde rẹ̀ láàrin ara wọn kí ó tó dé Madrid, wọn yóò dé ibi ìpàdé pẹ̀lú ìmọ̀ tiwọn.

Iṣẹ́ tún wà fún àwọn olùkọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Spanish ni èdè iṣẹ́ ICCAT. Apẹja tó ń rí àmì lára ẹja lè máa sọ Gẹ̀ẹ̀sì díẹ̀, ṣùgbọ́n Fante, Gungbe, Ìlàjẹ tàbí Mpongwe ni ó fi mọ òkun. Bí kò bá sí orúkọ tó ya ọmọ olójú-ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ onílẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè ní èdè tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀, àṣìṣe tí wọ́n rí ní àwọn ọdún 1980 yóò máa padà wá.

Roi Louis tọwọ́ bọ̀wé lórí ilẹ̀ tó lè fi ojú rí ààlà rẹ̀. Àwọn tó ń tọwọ́ bọ àdéhùn túnà lónìí ń ṣe é lórí ohun tí ojú kò rí. Ìṣirò nìkan ni ojú wọn, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ọwọ́ tó ṣe é.